Ẹ̀sùn Tí A Fi Kan Ọmọ Wa Nítorí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa, inú ilé tiwa gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ilé aládùúgbò. Kò dùn ún sọ fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú yín ti ń ráhùn sí wa létí pé íntánẹ́ẹ̀tì ilé àwọn ń rìn bí ìgbín, àti pé àwọn ọmọ ni àwọn ń bá wí sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tiwa ná.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àbúrò wa tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi PlayStation 4 tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti lò rí ránṣẹ́ sí ọmọ wa ọkùnrin, nítorí pé ó yege nínú ìdánwò WAEC rẹ̀. A kò fẹ́ràn géèmù, a kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n a ti ṣèlérí fún un pé bí ó bá yege, òun yóò gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ títí ìsinmi Kérésìmesì yóò fi parí, a kò sì lè yẹ àdéhùn. Eré bọ́ọ̀lù náà kò sí nínú àwo. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ó ti gbà á wọlé, ó sì tóbi tó 48 gígábáìtì.

Àwa fúnra wa ni a ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú ìwé tí àwọn tí wọ́n fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé wa fún wa, 40 ni wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí iye tí yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. A fi 40 pín 48,000, ó jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 1,200, èyí tí í ṣe ogún ìṣẹ́jú péré. A wí fún ọmọ náà pé kí a tó jẹun alẹ́ tán, eré rẹ̀ yóò ti dé. Nígbà tí a jẹun tán tí a wo ojú tẹlifíṣọ̀n, ohun tí a kà níbẹ̀ ni pé ó ku wákàtí 21.

Ẹ̀yin ará, inú bí wa gidigidi. Ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì ṣáájú ọjọ́ náà, a ti rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn ògiri ilé wa pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ wọn. Lójú ẹsẹ̀ ni a gbà lọ́kàn wa pé ọmọ wa ti ta pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi ilé fún wọn. A pè é, a bi í. Ó ní, "Dádì, mi ò fún ẹnì kankan, sà." A ní irọ́ ni ó ń pa. A sọ ọ́ níwájú àwọn àbúrò rẹ̀, a sọ ọ́ níwájú ìyá wa tí wọ́n wá bá wa ṣe ọdún láti abúlé. Ọmọ náà kò sunkún, kò sì jiyàn. Ó yọ wáyà ẹ̀rọ náà, ó ká a, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀, ó lọ sùn. Fún odidi ọjọ́ mẹ́rin, "Ẹ káàárọ̀, sà" àti "Ó dàárọ̀, sà" nìkan ni a ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ni ó pè wá sí yàrá. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ti dá ẹjọ́ kí ẹ tó gbọ́ ẹ̀rí." Ó ti ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa tí ó ń fi títún kọ̀ǹpútà ṣe jẹun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé ní ọ̀sán Sátidé. Ìṣirò wa ni ó kọ́kọ́ wò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Dádì, bíìtì ni wọ́n kọ sínú ìwé yín, kì í ṣe báìtì." Bíìtì mẹ́jọ ni ó ń di báìtì kan. Àwọn tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ń fi bíìtì ka ìyára rẹ̀, àwọn tí ń ta géèmù sì ń fi báìtì ka ìtóbi tiwọn. Nítorí náà 40 tiwọn jẹ́ 5 péré ní ìṣirò tiwa, bí gbogbo nǹkan bá sì lọ déédéé, wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ni eré náà yóò gbà. Àwa tí a jókòó sí kíláàsì èdè Gíríìkì ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, tí a mọ ohun tí lẹ́tà kan ṣoṣo lè yí padà nínú ọ̀rọ̀, a kò mọ̀ pé b kékeré àti B ńlá kì í ṣe ohun kan náà!

Síbẹ̀, wákàtí méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ kọ́ ni wákàtí 21. Nínú ọ̀nà mẹ́jọ tí a ń sanwó fún, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà. Níbo ni méje yòókù ń gbà lọ?

Ó dúró ti ráútà, ó fi fóònù rẹ̀ wọn ìyára íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ó rí 37. Ó rìn lọ sí pálọ̀, ó dúró ti tẹlifíṣọ̀n, ó tún un wọ̀n, ó rí 9. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa, nítorí ìdánwò kékeré yìí ni yóò sọ fún yín bóyá àwọn oníṣẹ́ ni kí ẹ pè tàbí inú ilé yín ni kí ẹ wò. Ohun tí a ń sanwó fún ń dé ẹnu ọ̀nà wa. Inú ilé ni ó ti ń sọnù. Ráútà wa wà nínú yàrá tiwa, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan, níbi tí àwa fúnra wa gbé e pamọ́ sí kí àwọn ọmọ má baà máa fọwọ́ kàn án, ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́ta sì wà láàárín rẹ̀ àti pálọ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé ọ̀nà méjì ni Wi-Fi ń gbà: èyí tí wọ́n ń pè ní 2.4 ń la ògiri kọjá ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n kò yára, Wi-Fi gbogbo àdúgbò sì ń du ojú ọ̀nà náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní 5 yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Irú PlayStation 4 tí ó kọ́kọ́ jáde, irú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, 2.4 nìkan ni ó mọ̀. Kò sí bí a ṣe lè bẹ̀ ẹ́ kí ó gba ọ̀nà kejì. Ṣùgbọ́n ihò wáyà wà lẹ́yìn rẹ̀.

A fún un lówó, ó lọ ra wáyà ogún mítà ní Queen Cinema, ó gbà á láti òkè àjà dé pálọ̀. Ọmọ wa ni ó gun àkàbà tí ó ń bá a fa wáyà. Kò wo ojú wa. Nígbà tí ó fi máa di aago márùn-ún, wọ́n wọn ìyára ẹ̀rọ náà, ó jẹ́ 36, eré sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé.

Ìyàwó wa gún iyán fún àlejò wa. Ó kù díẹ̀ kí aago méje lù, ọmọ wa wo ojú tẹlifíṣọ̀n, ojú rẹ̀ fàro. Ìyára ti já wálẹ̀ sí 4. Ẹ̀yin ará, kí Ọlọ́run má ṣe kà á sí wa lọ́rùn, ẹnu wa ti là láti tún béèrè àwọn ọmọ ẹ̀yìn ògiri. Àlejò wa fọ ọwọ́, ó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ inú ráútà, ó sì ka orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà lórí Wi-Fi wa sókè. Mẹ́fà ni wọ́n, gbogbo wọn ni a mọ̀. Kò sí àjèjì kankan láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ń fi ẹrù púpọ̀ ránṣẹ́ síta láìdákẹ́. Orúkọ tiwa ni ó wà lára rẹ̀.

Fóònù wa ni. A ti ṣètò rẹ̀ láti máa kó fọ́tò àti fídíò pamọ́ sórí Google nígbàkígbà tí a bá fi sí iná, àìmọye fídíò ìkórè ìjọ sì wà nínú rẹ̀ tí kò tíì lọ tán. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a fi ẹ̀sùn kan ọmọ wa, kí a tó jókòó jẹun ni a ti fi fóònù náà sí iná. A béèrè bí ohun tí ń jáde lọ ṣe lè dí ohun tí ń wọlé lọ́wọ́. Ó ní bí géèmù ti ń wọlé ní ègé-ègé, ẹ̀rọ náà ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà pé òun ti rí i gbà, bí ìdáhùn yẹn kò bá sì tètè dé, ẹni tí ń fi ẹrù ránṣẹ́ yóò dẹ ìrìn rẹ̀. Ọ̀nà àbájáde íntánẹ́ẹ̀tì wa tóóró ju ọ̀nà àbáwọlé lọ, fídíò wa sì ti kún un dẹ́nu.

A dìde, a lọ yọ fóònù kúrò lára iná. Ìyára padà sí 36. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ ní pálọ̀.

Kí ó tó lọ, àlejò wa fi àwọn nǹkan mìíràn kún un: kí ọmọ má ṣe máa gbá eré kan lọ́wọ́ nígbà tí òmíràn ń wọlé, kí a ní sùúrù títí di òru, nígbà tí àdúgbò bá ti sùn, àti pé bí ẹ̀rọ náà bá kọ ọ́ pé òun ń da fáìlì kọ, íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe tirẹ̀ tán, inú ẹ̀rọ ni iṣẹ́ kù sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ sí ìsìn, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ wa. A kò pè é sí kọ̀rọ̀, nítorí gbangba ni a ti pè é ní òpùrọ́. Ìyá wa, àwọn àbúrò rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́. Kò rọrùn fún wa. Ọ̀nà ọ̀fun wa gbẹ. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ó ti tán, sà." Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí bá wa ṣe àwàdà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì tún kú mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí a kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. A wọn ìyára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà gan-an, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí ó yá ni ìròyìn dé pé wáyà mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ti bàjẹ́ nítòsí Abidjan, àti pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó kàn. Ọmọ wa wá jókòó tì wá bí a ti ń gbọ́ ìròyìn náà. Ó yọjú wo inú yàrá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti fi fóònù yín sí iná?"