Wèrè Ọ̀tọ̀, Ìwà Ọ̀tọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń sọ ní gbangba níbi ìsọmọlórúkọ. Kọ̀rọ̀ la ti máa ń sọ ọ́. Ọmọ lágbájá ti ya ìyàkuyà. Ọkọ tàmẹ̀dù kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́ láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan á ní wèrè ni, ẹlòmíràn á ní kò gba ẹ̀kọ́ ilé ni. Láàárín méjèèjì ni ohun tí àwọn dókítà ń pè ní personality disorder wà. Àìsàn ìwà ni a óò máa pè é níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní 1961, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, ẹni tí ó dá ètò ìtọ́jú láàárín abúlé sílẹ̀ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, bá àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí nípa àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn ará Abẹ́òkúta àti abúlé ẹ̀bá rẹ̀. Jane Murphy wà lára wọn. Nígbà tí ó kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Science ní 1976, ó ní àwọn Yorùbá mọ wèrè yàtọ̀, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn, àránkàn, fún ẹni tí ń ṣe tinú ara rẹ̀ láìka ẹnikẹ́ni sí, olórí kunkun tí inú rẹ̀ kún fún odì. Wèrè ni wọ́n ń mú lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ẹni tí wọ́n bá pè ní aláránkàn, wọn kò kà á sí aláìsàn.

Ó dára tí àwọn baba wa ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ewu wà, nítorí a wá gbà pé ohun tí kì í bá ti ṣe wèrè kò ní ìtọ́jú.

Kí wá ni àìsàn ìwà? Kì í ṣe ìbínú ọjọ́ kan, kì í sì ṣe ìbànújẹ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọ̀nà ìrònú àti ìṣesí ni, tí ó ti ń bá ènìyàn bọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, tí ó ń tẹ̀ lé e délé, dé ibi iṣẹ́ àti sáàárín ọ̀rẹ́, tí ó sì ń ṣèpalára fún òun tàbí àwọn tí ó yí i ká. Ìwé tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2013 ka oríṣi 10, ní ìsọ̀rí 3.

Nínú ìsọ̀rí kìíní ni àwọn tí ń fura sí gbogbo ènìyàn wà, àti àwọn tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀, àti àwọn tí èrò wọn ṣàjèjì. Nínú ìkejì ni àwọn tí ń tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì mọ́lẹ̀ láìkábàámọ̀, tí wọ́n sún mọ́ àránkàn jù. Àwọn tí ọkàn wọn kì í dúró lójú kan, tí ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ ń bà, tí wọ́n sì lè máa ṣe ara wọn léṣe. Àwọn tí ó fẹ́ kí gbogbo ojú máa wo àwọn. Àti àwọn tí ó gbà pé kò sí ẹni tí ó tó àwọn. Nínú ìkẹta ni àwọn tí ń sá fún àwùjọ nítorí ìtìjú, àwọn tí kò lè dá ìpinnu kankan ṣe, àti àwọn tí ohun gbogbo gbọ́dọ̀ gún régé kí ọkàn wọn tó balẹ̀.

Bí ẹ ti ń kà á, ó ṣeé ṣe kí ojú ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí alága ẹgbẹ́ ti máa wá sí yín lọ́kàn. Ẹ rọra. Gbogbo wa la ní díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá le débi tí ó ń ba ayé ẹni jẹ́, ìwà lásán ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Bí ìṣòro náà ti le tó ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò báyìí.

Àwa tí a ń gbé South Thamesmead mọ ohun tí orúkọ lè ṣe. Ní 1968 ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó dé síbí. Kò pẹ́ rárá tí Stanley Kubrick fi wá ya apá kan fíìmù rẹ̀, A Clockwork Orange, tí ó jáde ní 1971, létí adágún Southmere. Alex, ọ̀dọ́ tí ń fi ìyà jẹ ènìyàn fún ìgbádùn, ni ìtàn náà dá lé. Ìjọba fi oògùn àti ipá yí ìwà rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ìta ti ń fi ojú fíìmù yẹn wo àdúgbò tí a ti ń tọ́ ọmọ. Bí orúkọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ àdúgbò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmọ ènìyàn.

A mọ ìdílé kan tí ọmọbìnrin wọn ń fi abẹ gé ara rẹ̀ lápá. Bàbá ní kí wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà kí ó lọ kọ́ ọgbọ́n. Ìyá ní iṣẹ́ ayé ni. Nígbà tí dókítà wá pe oríṣi àìsàn ìwà náà lórúkọ, orúkọ yẹn dẹ́rù bà wọ́n ju ọgbẹ́ apá lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í ṣe aláránkàn. Ara rẹ̀ ló ń pa lára, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ìtọ́jú irú rẹ̀ wà. Láti 2009 ni ìlànà ìlera ilẹ̀ yìí ti sọ pé ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ ẹnu ni kí a gbé ka iwájú fún un, kì í ṣe oògùn. Marsha Linehan, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀kan tí ó lókìkí jù kalẹ̀: wọ́n ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe fara da ìrora ọkàn kí ó tó fọwọ́ kan abẹ. Ní 2011, obìnrin náà sọ ní gbangba pé irú ìyà yìí jẹ òun náà nígbà èwe, débi tí wọ́n fi dá òun dúró sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ wa gbà láti máa sìn ín lọ. Iṣẹ́ kò tíì parí, ṣùgbọ́n ọmọ ti ń sọ ìrora rẹ̀ lẹ́nu.

Ohun kan wà tí àwa nìkan lè ṣe. Kí dókítà tó sọ pé ìwà ẹnìkan kò bá ti àwùjọ rẹ̀ mu, ó yẹ kí ó mọ àwùjọ náà. Ọmọ tí kò wo àgbà lójú, ọ̀wọ̀ ló ń ṣe. Ọkùnrin ẹni ọdún 30 tí ó kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ kí ó tó gbéyàwó, kì í ṣe pé kò lè dá pinnu. Ẹ ṣàlàyé fún wọn. Ṣùgbọ́n kí a má fi àṣà bo ìkà mọ́lẹ̀ o. Ọkọ tí ń lu aya rẹ̀ kò rí àṣà kankan fi ṣe àwáwí.

Ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Oxleas ni ó ń ṣètọ́jú ọpọlọ fún àwọn ará Greenwich àti Bexley. Bí wàhálà bá dé lóru, ẹ pe 111, kí ẹ sì tẹ 2. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, 999 ni. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à fi òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní ilé wa. Ẹ jẹ́ kí òsì náà ṣe tirẹ̀.