Wọn Kò Dárúkọ Rẹ̀, Ṣùgbọ́n Wọ́n Mọ̀ Ọ́n

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ ó ti rí i pé àwọn àgbà Abẹ́òkúta kì í fi gbogbo ara bèèrè orúkọ ènìyàn. Ìbéèrè tiwọn ni pé, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Bí o bá ní Aké ni, wọn ó bèèrè agboolé. Lẹ́yìn náà, ilé ìwé wo lo lọ, ọdún wo lo jáde, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni ìyá rẹ ń lọ? Kí o tó dárúkọ ara rẹ, wọ́n ti mọ bàbá rẹ, wọ́n sì ti mọ ẹni tí ìyá rẹ bá jà ní ọjà Kútọ̀.

Orúkọ wa pàápàá kì í dákẹ́. Ẹni tó bá ń jẹ́ Ìdòwú, a mọ̀ pé ìbejì ló ṣáájú rẹ̀. Abíọ́nà, ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí. Orúkọ ìdílé tó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó, Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú ni a ó kọ́kọ́ fọkàn sí. Kódà bí ènìyàn kò bá dárúkọ rárá, ẹnu rẹ̀ lè tú u. Ẹ rántí Pétérù ní àgbàlá olórí àlùfáà, nínú Mátíù orí 26. Ó sẹ́, ó tún sẹ́, ṣùgbọ́n ohùn ará Gálílì tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò bá a sẹ́.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀pọ̀ wa rò pé bí a bá ti yọ orúkọ kúrò nínú ọ̀rọ̀, àṣírí ti bò nìyẹn. Ní ìjọ kan tí mo mọ̀, wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ àdúrà kan sórí WhatsApp ẹgbẹ́ aládùúrà. Wọ́n ní kí a bá arábìnrin kan gbàdúrà, olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbarà, tó ṣe ìgbéyàwó ní ọdún méje sẹ́yìn, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó, tí oyún sì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àwọn obìnrin olùkọ́ inú ìjọ yẹn tó ogún. Mélòó nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ ní Ìbarà? Bóyá márùn-ún. Ta ló ti ṣe ìgbéyàwó fún ọdún méje? Bóyá méjì. Nínú àwọn méjèèjì, ọkọ ta ni kò sí nílé? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti gbọ́, ó sì ti dé etí ìyá ọkọ, ẹni tí arábìnrin náà kò tíì sọ ti oyún kẹta fún rárá. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi wá sí ìjọ. Ẹni tó kọ ọ́ ń sunkún nígbà tó ń sọ fún mi pé òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ ni, kò dárúkọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń bá. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ní àárín àwọn ọdún 1990, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìbánigbófò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó àkọsílẹ̀ ìtọ́jú wọn fún àwọn olùwádìí. Wọ́n yọ orúkọ, wọ́n yọ àdírẹ́sì, gómìnà wọn, William Weld, sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Latanya Sweeney, fi ogún dọ́là ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge tí gómìnà ń gbé. Ènìyàn 6 ló ní ọjọ́ ìbí gómìnà nínú ìwé náà. Ọkùnrin jẹ́ 3 nínú wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú gómìnà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2000, ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò, àti pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tó láti ya nǹkan bí 87 nínú 100 ará Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù.

Ọjọ́ ìbí o! Ohun tí àwa ń gbé síta lọ́dọọdún pẹ̀lú fọ́tò àti kéèkì. Ti ìwé ìkéde òkú tilẹ̀ le jù: orúkọ ìdílé ìyá, orúkọ gbogbo ọmọ, ilé tí a ó ti ṣe àìsùn. Gbájúẹ̀ tó bá rí i kò ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Yóò kàn pè yín bí ẹni tó bá yín dé ibi ìsìnkú ni.

Òfin ààbò dátà ti ilẹ̀ wa, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, mọ èyí. Kò fi mọ sí orúkọ nìkan. Ohunkóhun tó bá lè tọ́ka sí ènìyàn, ní tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú, wà nínú rẹ̀. Ó sì ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ti ìgbàgbọ́ mọ́ àwọn tó gba ìtọ́jú pàtàkì.

Mo ti bá ẹgbẹ́ aládùúrà tiwa sọ ọ́. Mo ní kí ènìyàn méjì péré máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, láti ẹnu ẹni tó ni ín, kí a sì kọ "arábìnrin kan, nítorí ìlera" sórí fóònù. Màmá tó jẹ́ olórí wọn kò gbà bọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, bí n kò bá mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà, báwo ni àdúrà ṣe máa gbóná lẹ́nu mi?" Màmá yìí kì í ṣe olófòófó, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi òru gbàdúrà. Wọ́n ti gbà láti gbìyànjú rẹ̀ títí di ìparí oṣù, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.