Ogbó Mọ̀nà

Àwa ọmọ Ìlá, ọmọ Ọ̀ràngún, a máa ń sọ pé ogbó, àdá tí Odùduwà fi lé bàbá wa lọ́wọ́, ni ó lànà fún wa, pé nínú “ogbó mọ̀nà” ni orúkọ ẹ̀yà wa, Ìgbómìnà, ti jáde. Ṣùgbọ́n ogbó tí òyìnbó fi irin rọ, ìyẹn rélùwéè, kò mọ ọ̀nà Ìlá rárá, nítorí láti Òṣogbo ni ó ti yà sí Ìkìrun àti Òkukù, tí ó sì forí lé Ọ̀fà. Nítorí náà, bí ìyá mi àgbà bá ń gbé èlùbọ́ re Èkó, Ọ̀yán ni lọ́rì yóò gbà gbé wa dé Òkukù, a ó sì jókòó sórí àpò títí ilẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n lábẹ́ wa, kí a tó gbọ́ fèrè rélùwéè.

Àwọn kan a máa pe gbogbo ilé rélùwéè àtijọ́ ní iṣẹ́ ayé Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lóòótọ́, 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ọbabìnrin náà ti wàjà kí wọ́n tó ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù Kẹta 1901, ó sì di 1907 kí ó tó dé Òṣogbo. Ẹni tí ó bá ń wá ojúlówó iṣẹ́ ìgbà ayé rẹ̀, kí ó wọ ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, kí ó wo Jaekel House, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1898 fún ọ̀gá òṣìṣẹ́, tí Legacy, ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ilé àtijọ́, tún ṣe, tí wọ́n sì fi àwòrán àti irinṣẹ́ àtijọ́ kún inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ni mo yìn ju ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún lọ, nítorí ilé tí ènìyàn kò wọ̀, aláǹgbá ni yóò jogún rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń sáré láàrin Èkó àti Ìbàdàn láti 2021. Mo wọ̀ ọ́, ó sì tù mí lára. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà rélùwéè wa sì ni àwọn téṣàn kéékèèké tí igbó ti ń bò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí a jẹ́ kí wọ́n wó, nítorí pé ohun amúnisìn ni, èmi a bi í léèrè pé èjìká ta ni ó ru irin, ọwọ́ ta ni ó gbẹ́ ilẹ̀.

Ní téṣàn kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo rí àtẹ̀gùn kan tí ẹsẹ̀ èrò ti jẹ ní àárín, bí ọlọ tí wọ́n ti ń lọta lórí rẹ̀ láti ayé ìyá ìyá mi. Mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ mi sínú kòtò náà, ó sì gbà á rẹ́gí.