Nígbà tí Ọ̀wọ̀ Di Ọwọ̀

Ọ̀rọ̀ ìtúúbá ni mo mú wá lónìí, nítorí àṣìṣe kan tí mo ṣe, tí mo sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ ka ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Mo ṣe ojúewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò fi máa kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú àpótí tirẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kí gbogbo àpótí lè dọ́gba, mo ní kí gíga wọn jẹ́ 20 pixel, bákan náà pẹ̀lú ìwọ̀n lẹ́tà, kí ohunkóhun tí ó bá yọ síta sì pamọ́. Mo rántí àmì abẹ́, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "Ilé" ni mo fi dán an wò. Ó bá a mu régí.

Nígbà tí ó yá, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń kọ́ èdè wa láti Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí mi, ó sì fi "pẹ̀lú ọwọ̀" parí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ̀ ni a fi ń gbálẹ̀! Inú bí mi. Lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti sọ pé ẹni tí kò ka àmì ohùn sí kò ka èdè náà sí. Ọmọ náà kò jiyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni ó rọra sọ fún mi pé, "Ẹ má bínú, sà. Bí mo ṣe rí i lójúewé yín ni mo ṣe kọ ọ́."

Mo ṣí ojúewé náà. Lóòótọ́, "Ọwọ̀" ni ó wà níbẹ̀, ìtumọ̀ tí ó sì wà lábẹ́ rẹ̀ ni "ìbọ̀wọ̀ fún àgbà". Ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù náà ti di ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì kọ gbogbo wọn dáadáa nínú fáìlì mi!

Ibo wá ni àmì náà gbà lọ? Ẹ wò ó: nínú Unicode, "Ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n "Ọ̀" kò ní. Nọ́ńbà ọ̀tọ̀ ni ti àmì ohùn, kọ̀ǹpútà ni ó ń gbé e gun orí lẹ́tà. Bí ó bá gun lẹ́tà kékeré, kò ga ju "l" inú "Ilé" lọ. Bí ó bá gun lẹ́tà ńlá, ó ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Ó dà bí àgbàlagbà tí ó dé fìlà, tí ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kúkúrú wọlé: ọmọdé á kọjá, fìlà àgbà á bọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Nínú CSS, mo fi "min-height" rọ́pò "height", kí àpótí lè ga sí i bí ọ̀rọ̀ bá ń fẹ́ àyè. Mo yọ àṣẹ tí ń fi nǹkan pamọ́ kúrò. Mo fi "em" rọ́pò pixel, kí àpótí lè máa tẹ̀lé ìwọ̀n lẹ́tà. Mo sì sọ gíga ìlà di ìlọ́po 1.5 ìwọ̀n lẹ́tà. Ìlànà WCAG 2.1 tí W3C gbé jáde ní ọdún 2018 pàápàá sọ pé bí òǹkàwé bá fẹ ìlà tó bẹ́ẹ̀, ohunkóhun kò gbọdọ̀ sọnù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fífẹ̀: bọ́tìnì tí a wọ̀n fún "Save" kò lè gba "Fi pamọ́".

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi náà wo "Ilé" lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò wo ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Nísinsìnyí, "Ọ̀wọ̀" ni mo fi ń dán gbogbo àpótí wò. Mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí mo ti bá a wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ojúewé fún èdè wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn yín ga tó fìlà wa. Ire o.