Ẹ Má Ṣe Pa Iná Náà Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi mọ́tò gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ijapo Estate, ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni mọ́tò wa. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu bẹntiróòlù bí ẹni ń mu omi, tí iná kékeré tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnì sì tàn níwájú mi, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ó ní sẹ́ńsọ̀ ara páìpù èéfín ni ó bàjẹ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ní kí ajórin dí ibi tí páìpù náà ti lu, ó pa iná, mo sì sanwó.

Ní ọjọ́ kẹta, bí mo ti ń ti Ọjà Ọba bọ̀, iná tún tàn. Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ní: “Alájá, ìyẹn ò ní kí mọ́tò má rìn. Ẹ jẹ́ n yọ gílóòbù rẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀.”

Díẹ̀ ni ó kù kí n gbà, nítorí owó ti tán lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ mi obìnrin tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn. Ó ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ mélòó kan pé orí ń fọ́ òun bí a bá ti ń ti ilé ìwé bọ̀. Mo ti ní oòrùn ni.

Mo wá rẹwáyà kan lọ. Ó ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ abẹ́ sítiárìn. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ojúhò náà di dandan nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀. Nọ́ńbà P0171 ni ó jáde, èyí ni pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ lójú kọ̀ǹpútà mọ́tò.

Rẹwáyà yìí kò ní kí n ra nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ó ṣíná sí i, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fi àkísà dí ẹnu sàléńsà díẹ̀, ó sì da omi ọṣẹ sí ojú ibi tí ajórin jó. Kíá ni omi náà ń hó. Páìpù ṣì lu! Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń tan sẹ́ńsọ̀ jẹ, kọ̀ǹpútà sì ń da epo kún epo. Èéfín náà sì ń gba ibẹ̀ jáde sábẹ́ àwọn ọmọ mi. Inú irú èéfín bẹ́ẹ̀ ni carbon monoxide wà, olóró tí kò ní òórùn, èyí tí ó ń pa àwọn tí ó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn.

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí iná yìí bá tàn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdérí táǹkì epo le. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dúró. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́, kí ẹ sì rántí pé ẹjọ́ ni nọ́ńbà ń rò, kò dárúkọ ohun tí ẹ ó rà. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó yọ̀. Bí orí bá sì ń fọ́ ọmọ yín nínú mọ́tò, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tún wọ̀ ọ́ títí wọn yóò fi yẹ páìpù rẹ̀ wò.

Wọ́n tún tiwa jó dáadáa. Iná kò tàn mọ́, epo sì ń pẹ́ nínú táǹkì. Ọmọ mi ti padà sí orin rẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò.