Gìtá Báàsì Olówó Pọ́ọ́kú Tí Mo Rà Ní Sàngó

Àwọn àgbà a máa wí pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, n kò sì jẹ́ bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ọbẹ̀ olówó ńlá tí kò ṣe é gbé mì nítorí pé ẹni tí ó sè é kò fara balẹ̀, mo sì ti jẹ ti owó kékeré tí mo fi ìka lá àwo. Ọ̀rọ̀ gìtá ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, kì í ṣe ti ọbẹ̀. Bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ilo-Awela ní ìlú Ọ̀tà ni mo ń gbé. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, àti pé tírélà kì í jẹ́ kí eruku ọ̀nà sinmi. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, gìtá báàsì ni mo ń ta ní ìjọ wa.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ báàsì, okùn mẹ́rin ni ó ní, kì í ṣe mẹ́fà bí ti gìtá kékeré. Okùn náà nípọn, ó sì gùn tó íǹṣì 34 láti orí ọrùn dé ibi tí ó jókòó lórí afárá. Èyí tí ó nípọn jù nínú wọn ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà àyà ni ẹ ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí agídìgbo ń ṣe nínú ẹgbẹ́ àpàlà ni báàsì ń ṣe nínú orin ìgbàlódé: òun ni ó ń sọ fún ẹsẹ̀ oníjó ibi tí yóò tẹ̀. Bí ó bá dún dáadáa, ẹnikẹ́ni kì í rántí rẹ̀. Bí ó bá ṣìnà, gbogbo ìjọ ni yóò ṣìnà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọdún 2017, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ni gìtá tí mo ń lò kó lọ sí Èkó, ó sì gbé gìtá rẹ̀ lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ìkórè ku oṣù kan péré. Ìjọ kò lówó lọ́wọ́, nítorí òrùlé ni a ń tún ṣe. Àjọ sì kàn mí ní oṣù náà, ₦60,000. Èmi àti ìyàwó mi ni a jọ ń dá a, a sì ti fi ohùn ṣọ̀kan pé firísà tòkunbọ̀ ni a ó fi rà, kí ó lè máa ta omi tútù àti ẹja ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú nínú owó náà. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Dàmọ́lá, n kò ní kí ẹ má rà á. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé omi tútù ni ẹ fẹ́ fi ra gìtá yẹn. Bí kò bá dún, ẹ má gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá bá mi o."

Mo lọ sí Sàngó. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ gbé méjì kalẹ̀ fún mi. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó ń dán bí bàtà ìyàwó, ₦55,000. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, ọ̀dà ti bó lára rẹ̀, ₦30,000. Mo gbé èyí tí ó ti gbó sójú, mo wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí káfíńtà ti ń wo pákó, mo rí i pé kò lọ́. Mo fi ọwọ́ pa àwọn irin wẹ́wẹ́ tí a tò sí ọrùn náà, okùn kò tíì jẹ wọ́n. Mo yí kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a fi ń fa okùn, wọ́n di okùn mú dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni n kò ṣe: n kò kì í bọ ẹ̀rọ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí pé iná kò sí lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà búra pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Mo gbà á gbọ́, mo san owó. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ kò ní ṣe irú èyí nínú ọjà tiyín.

Nígbà tí iná dé lálẹ́, mo kì í bọ ẹ̀rọ. Ó ń kùn bí agbo oyin. Okùn rẹ̀ ga ju ara ọrùn lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka fi ń ro mí. Bí mo bá ta á nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ dára. Bí mo bá gòkè lọ sí ìdí ọrùn, ohùn náà a kan. Mo ní kò burú, oníṣẹ́ ẹ̀rọ sáà ni mí.

Nínú ọrùn gìtá, irin gígùn kan wà tí a fi pamọ́. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fa ọrùn náà síwájú pẹ̀lú agbára tí ó lé ní àádọ́rin kílò, bí ìgbà tí a bá so àpò símẹ́ǹtì kan àti ààbọ̀ kọ́ ọ. Irin yìí ni ó ń fà á padà sẹ́yìn kí igi má bàa tẹ̀. Bí a bá yí ẹnu irin náà sí ọ̀tún, yóò le sí i, ọrùn yóò sì tọ́. Bí a bá yí i sí òsì, yóò dẹ̀. Mo mọ èyí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni n kò mọ̀. Mo mú álìnkíì tí mo fi ń tú bóòtù níbi iṣẹ́, mo sì fún un ní yíyí kan àti ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ "kẹ́!" Ọrùn náà tẹ̀ sẹ́yìn, okùn dùbúlẹ̀ lórí irin, kò sì sí èyí tí ó lè dún mọ́.

Ìyàwó mi wọlé, ó bá mi ní ìjókòó. Mo rò pé yóò bá mi jà. Kò sọ̀rọ̀ gìtá rárá. Ó kàn bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ mọ̀ pé èyí burú ju ìjà lọ.

Bàbá arúgbó kan wà ní ọ̀nà Sàngó tí ó ń tún rédíò ṣe. Nítorí kíkùn inú ẹ̀rọ ni mo ṣe gbé gìtá náà tọ̀ ọ́ lọ ní ọjọ́ kejì; n kò fẹ́ kí ó rí ọrùn náà. Ọrùn ni ó kọ́kọ́ wò. Ó bi mí pé, "Ta ni ó fi ipá mú un báyìí?" Mo ní, "Èmi ni, Bàbá." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Yíyí kan, ọ̀nà mẹ́rin ni kí o pín in sí. Yí ìdá kan, kí o sì fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Igi kì í ṣe irin, ó ń fẹ́ àkókò." Ó dẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Orí yọ mí, irin kò já, igi kò sì là.

Mo bi í léèrè bí ẹni tí ń tún rédíò ṣe ti ṣe mọ gìtá. Ó ní, "Kì í ha ṣe atúnrédíò-ṣe ni ó ṣe é?" Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé òótọ́ ni ó sọ. Leo Fender, ará Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé báàsì oníná tí ó gba ayé kan jáde ní ọdún 1951. Ní ọdún 1938 ni ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń tún rédíò ṣe, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ gìtá ta. Ṣáájú ìgbà náà, báàsì ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí a ń gbé dúró ta, ni àwọn olórin ń gbé kiri. Fender ṣe tirẹ̀ kéré, ó to irin wẹ́wẹ́ sí ọrùn rẹ̀ kí ìka má bàa ṣìnà, ó sì fi bóòtù mẹ́rin de ọrùn mọ́ ara rẹ̀ kí ó lè ṣeé tú, kí ó sì ṣeé pààrọ̀. Nígbà tí mo mọ èyí, ọkàn mi balẹ̀. Àti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ṣe nǹkan yìí kí a lè máa tún un ṣe.

Báyìí ni Bàbá ṣe kọ́ mi, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bẹ̀ yín fún gìtá gbọ́ ọ dáadáa.

Èkíní, ẹ fi okùn tuntun sí i, kí ẹ sì fà á dé ohùn rẹ̀, E, A, D, G, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Èkejì ni ọrùn. Ẹ tẹ okùn kan mọ́ irin àkọ́kọ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tí ó gbẹ̀yìn. Ẹ wo àárín méjèèjì, ní nǹkan bí irin keje tàbí ikẹjọ. Àlàfo tí ó wà lábẹ́ okùn níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìnípọn káàdì tí a fi ń pe ènìyàn síbi ìgbéyàwó lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí irin inú ọrùn sí ọ̀tún ní ìdá mẹ́rin kan. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ẹ yí i sí òsì.

Ẹ̀kẹta ni gíga okùn. Ní orí irin kejìlá, mìlímítà méjì sí méjì àti ààbọ̀ tó. Sùkúrù wẹ́wẹ́ tí ó wà lórí afárá ni a fi ń gbé e sókè tàbí sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ó wo ohùn kíkan sàn. Irin kejìlá ni ó pín okùn sí méjì ọgbọọgba. Ẹ fi ìka kan okùn níbẹ̀ fẹ́rẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ tún ta á. Ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ti àtẹ̀mọ́lẹ̀ bá ga jù, okùn ti kúrú jù, ẹ fa ìjókòó rẹ̀ sẹ́yìn lórí afárá. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ tì í síwájú.

Ẹ̀karùn-ún ni kíkùn. Bàbá ní kí n fi ọwọ́ kan okùn nígbà tí ó ń kùn. Kò yí padà. Ó ní wáyà tí ó yẹ kí ó lọ sábẹ́ afárá ti já nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì bá a. Ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n wá bébà fọ́ìlì tí a fi ń se mọ́ínmọ́ín, kí n fi tẹ́ inú ihò tí wáyà wà, kí ó má bàa máa gba ariwo iná wọlé. Lẹ́ẹ̀dì kì í mú fọ́ìlì, nítorí náà sùkúrù ni a fi de wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kíyè sí i kí fọ́ìlì náà má kan wáyà tí ń gbé ohùn jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gìtá yóò yadi. Ilé ìdáná ìyàwó mi ni mo ti mú fọ́ìlì náà. Mo tọrọ rẹ̀ o, n kò jí i.

Èyí tí ó kẹ́yìn jẹ́ àfikún tí inú mi dùn sí jù. Ní orí ọrùn, níbi tí okùn ti ń gbà kọjá lọ sí ìdí kókó, pẹpẹ kékeré kan wà. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe tèmi, ó sì ti sán. Bàbá ní kí n lọ bá alápatà. Mo tọrọ egungun ẹsẹ̀ màlúù. Alápatà ní ṣé ajá ni mo fẹ́ fún. Mo sè é, mo fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, mo sá a gbẹ, mo sì fi ayùn àti fáìlì gbẹ́ ẹ fún alẹ́ mẹ́ta. Ó le ju rọ́bà lọ, ohùn okùn tí a kò tẹ̀ sì wá ń dún gbangba. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Gìtá, ₦30,000, okùn, ₦4,000, ọwọ́ Bàbá, ₦2,500, egungun àti fọ́ìlì, ọ̀fẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦36,500. Bí mo bá ra èyí tí ń dán ní ₦55,000, irú iṣẹ́ yìí náà ni ǹ bá tún ṣe sí i, nítorí pé èyí tí a kó wá láti ilé iṣẹ́ pàápàá kì í sábà dé pẹ̀lú àtòpọ̀ tí ó péye.

Ní ọjọ́ Ìkórè, mo ta á. Ẹnikẹ́ni kò wò mí, gbogbo wọn ń jó. Ìyàwó mi náà jó dé iwájú, ó wo gìtá náà, ó sì padà sẹ́yìn. Nílé, ó ní, "Bàbá Dàmọ́lá, omi tútù yẹn dún o." Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí pè mí síbi ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà, mo sì ń kó owó rẹ̀ fún un. Nígbà Àjíǹde ọdún 2018, a ra firísà náà.

N kò sọ pé kí ẹ ra ohun tí ó bá ti bàjẹ́ pátápátá. Bí ọrùn bá lọ́ bí okùn, tàbí tí irin inú rẹ̀ bá ti já, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni í. Ẹ má sì ra èyíkéyìí láìgbọ́ ohùn rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ní láti dúró de iná títí di alẹ́. Nínú owó tí ẹ bá ní, ẹ yọ ti àtúnṣe sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná ti ọjà. Bí ọyẹ́ bá dé, igi yóò gbẹ, okùn yóò sún mọ́ irin; bí òjò bá dé, yóò tún ga. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà méjèèjì. Bí ẹ bá sì mú álìnkíì lọ́wọ́, ẹ rántí èmi àti yíyí kan àti ààbọ̀ mi, kí ẹ sì ní sùúrù.