Oyè Nìkan Kò Gbé Èdè Ró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gèlè kò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò sì dùn bíi kó yẹ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oyè tí ìjọba fi ń dá èdè lọ́lá ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Íńdíà.

Ní ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà dá oyè èdè àtayébáyé sílẹ̀. Tamil ni ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Sanskrit tẹ̀ lé e ní 2005, Telugu àti Kannada ní 2008, Malayalam ní 2013, Odia ní 2014. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Marathi, Bengali, Assamese, Pali àti Prakrit dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì di mọ́kànlá. Èdè tí yóò jẹ oyè yìí gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ tí ó ti wà fún 1,500 sí 2,000 ọdún, àti lítíréṣọ̀ àtijọ́ tí ìran dé ìran kà sí ogún iyebíye.

Oyè náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ẹ̀bùn wà nínú rẹ̀ fún àwọn onímọ̀, ibùdó ìwádìí wà, àyè ọ̀jọ̀gbọ́n sì wà ní yunifásítì. Ní 2008 ni a dá ibùdó ti Tamil sílẹ̀ ní ìlú Chennai. Ní 2020, òfin sọ ilé-ẹ̀kọ́ Sanskrit mẹ́ta di yunifásítì ìjọba àpapọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó nawọ́, ta ni ó ti ń ṣọ́ ogún náà? Ọ̀kan nínú wọn ni U. V. Swaminatha Iyer (1855–1942), olùkọ́ Tamil ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Kumbakonam. Ní 1880, adájọ́ kan tí ń jẹ́ Salem Ramaswami Mudaliar bi í bí ó bá ti ka Civaka Cintamani. Olùkọ́ náà ti ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ka èyí. Ìbéèrè náà kò jẹ́ kí ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń wá ìwé tí àwọn baba ńlá kọ sórí ewé ọ̀pẹ. Ikán ti jẹ òmíràn. Àwọn kan ti da tiwọn sínú odò. Èyí tí ó rí, ó fi ẹ̀dà kan wé èkejì, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ ìwé náà jáde ní 1887, ó tẹ Silappatikaram ní 1892, ó sì tẹ Purananuru ní 1894. Bí kò bá sí irú iṣẹ́ yìí, kí ni Tamil ìbá gbé síwájú ìjọba ní 2004?

Ọ̀rọ̀ owó náà kò ṣe é fi sílẹ̀. Ní ọdún 2020, ìjọba sọ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé láàárín ọdún mẹ́ta, Sanskrit gba ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́fà rúpì, nígbà tí àwọn èdè olóyè márùn-ún yòókù jùmọ̀ gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 290. Ẹnìkan lè wí pé Sanskrit kò ní ìpínlẹ̀ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ bí ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ti ń tọ́jú Tamil. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí a wé gèlè fún tí a kò fún ní aṣọ, a kò tíì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tán.

Ìjọba lè kọ́ ilé, ó lè san owó oṣù, ó sì yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ láìṣe ojúsàájú. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó ka ìwé àtijọ́ ní ipò àwọn tí wọ́n ni ín. Lọ́wọ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ìyẹn wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó gbé olùkọ́ Kumbakonam dìde. Kò sì dúró de oyè kankan kí ó tó mú ọ̀nà pọ̀n.